Yọ̀rọ̀ Nínú Ilé Tí A Ti Ń Sin Ológbò

Nínú abala ìlera ti oṣù yìí, kòkòrò kékeré kan ni mo fẹ́ kí a jókòó tì.

Lẹ́yìn ọdún Iléyá tó kọjá, ìdílé mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló mú ẹjọ́ kan náà wá bá mi ní ilé oògùn láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Wọ́n ti lọ ṣọdún nílùú wọn, wọ́n ti ilẹ̀kùn pa fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì bá ilé bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń gbé ẹrù kiri inú pálọ̀ báyìí ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ta wọ́n ní ọrùn ẹsẹ̀ bí abẹ́rẹ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ti lé pupa róńdóróńdó. Ẹnì kan ní ooru ni. Ẹnì kan ní ẹ̀fọn ni. Ìyá kan tilẹ̀ fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí bóyá kì í ṣe pé àwọn ọ̀tá ló ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí àwọn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi gbogbo wọn: ṣé ológbò wà nílé yín? Ó wà nílé mẹ́ta. Nílé kẹrin, ológbò aládùúgbò ló bímọ sínú àjà wọn tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Yọ̀rọ̀ ni àwọn àgbà ń pè é. Àwọn kan ń pè é ní iná ajá, àwọn mìíràn kàn ń pè é ní kòkòrò ológbò. Kì í ṣe eégbọn, nítorí eégbọn á lẹ̀ mọ́ ara ẹran, kò sì lè fò. Kì í ṣe ìdun, nítorí inú bẹ́ẹ̀dì àti ihò igi ni ìdun ń gbé, òru ló sì máa ń jáde wá jẹ ènìyàn níbi tó sùn sí. Yọ̀rọ̀ dúdú díẹ̀, ó pọ́n díẹ̀, kò ju mìlímítà mẹ́ta lọ, kò sì ní ìyẹ́. Ara rẹ̀ pẹlẹbẹ láti ẹ̀gbẹ́, ìdí nìyẹn tó fi ń yọ̀ láàárín irun ẹran wéré, tí ẹ bá sì fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, kò ní kú. Fífò ló ń fò, ó sì lè fò jìnnà ju gígùn ara rẹ̀ lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Láti ilẹ̀ ló ti máa ń fò mọ́ ènìyàn, nítorí náà ọrùn ẹsẹ̀ àti ojúgun ló sábà máa ń jẹ. Ọmọ tó ń rákò ló máa ń jẹ níbi gbogbo.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ dájú, ẹ tẹ́ ìwé ìnujú funfun tí ẹ ti fi omi rin sílẹ̀, kí ẹ sì fi òòyà eléyín wẹ́wẹ́ ya irun ológbò láti ọrùn dé ìdí ìrù lórí rẹ̀. Ẹ ó rí nǹkan dúdú kéékèèké bí ata tí a lọ̀ tó ń já bọ́. Bí èyí tó bọ́ sórí ìwé tútù náà bá ń yọ omi pupa bí ìpẹtà, ìgbẹ́ yọ̀rọ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ tó mu lára ẹran ló yà jáde. Bí kò bá yọ àwọ̀ kankan, eruku lásán ni. Ọ̀nà mìíràn ni pé kí àgbàlagbà kan wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun gígùn, kí ó sì rìn yí pálọ̀ ká fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí wọ́n bá wà níbẹ̀, wọn á fò mọ́ ìbọ̀sẹ̀ náà, ẹ ó sì rí wọn kedere.

Ohun tó ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé lára gbogbo yọ̀rọ̀ tó wà nínú ilé kan, nǹkan bíi márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún ló wà lára ológbò. Àwọn tó kù wà nílẹ̀: ẹyin, ìdin, àti àwọn tó ti hun ilé yí ara wọn ká. Abo kan lè yé tó 40 sí 50 ẹyin lójúmọ́ bí ara rẹ̀ bá ti gbà á. Ẹyin náà kò lẹ̀ mọ́ irun. Bí ológbò bá fi ẹsẹ̀ yún ara tàbí tó bẹ́ sílẹ̀ láti orí àga, ṣe ni wọ́n ń dà sílẹ̀ bí iyọ̀. Láàárín ọjọ́ méjì sí ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á di ìdin tín-ín-rín. Ìdin yìí kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Yóò wọ ìdí fọ́nrán kápẹ́ẹ̀tì, abẹ́ ẹní, ẹsẹ̀ ògiri, àti àárín ìrọ̀rí àga, ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbà rẹ̀ ni yóò sì máa jẹ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò hun ilé sí ara rẹ̀ bí ìdin tó fẹ́ di labalábá. Eruku á lẹ̀ mọ́ ilé náà débi pé ojú kò ní tètè rí i.

Inú ilé yìí ni wàhálà wà. Nínú ooru tiwa yìí, láti ẹyin dé yọ̀rọ̀ tó ti dàgbà kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n èyí tó ti pé tán nínú ilé rẹ̀ lè jókòó jẹ́jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, àní fún oṣù mélòó kan, títí yóò fi gbọ́ pé oúnjẹ dé. Ìmì ẹsẹ̀ tó ń rìn, ooru ara, àti èémí wa ni yóò fi mọ̀. Ìdí nìyí tí ilé tí a tì pa fún ọ̀sẹ̀ méjì fi dákẹ́ rọ́rọ́, tó sì jẹ́ pé ọjọ́ tí a dé gan-an ni gbogbo wọn jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ọ̀tá kankan níbẹ̀. Àwọn tó ti ń dúró deni ni.

Ní ilé púpọ̀, ìdájọ́ àkọ́kọ́ ni pé kí ológbò máa lọ. Bàbá á ní kí wọ́n dì í sínú àpò, kí wọ́n lọ jù ú sí ọjà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́nà ẹ̀sìn, gbogbo wa ló mọ hádíìsì obìnrin tó wọ inú ìyà nítorí ológbò tó so mọ́lẹ̀, tí kò fún un lóúnjẹ, tí kò sì jẹ́ kó lọ wá tirẹ̀ jẹ. A sì mọ ti Abu Qatadah, tó tẹ igbá omi àlùwàlá rẹ̀ kí ológbò lè mu ún, tó sì ṣàlàyé pé Ànọ́bì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti kọ́ wọn pé ẹran náà kì í ṣe ẹlẹ́gbin, ara àwọn tó ń wọlé tó ń jáde láàárín wa ni. Lọ́nà ti kòkòrò yìí fúnra rẹ̀, ọgbọ́n kọ́ ni láti jù ú nù. Ológbò ni oúnjẹ tí yọ̀rọ̀ fẹ́ràn jù. Bí ẹ bá gbé oúnjẹ náà kúrò, ọgọ́rọ̀ọ̀rún tó wà nínú kápẹ́ẹ̀tì kò ní tẹ̀lé e lọ sí ọjà. Ẹ̀yin àti àwọn ọmọ yín ni wọn yóò dojú kọ. Ológbò tí a wò dáadáa, tí oògùn wà lára rẹ̀, ló ń bá wa pa wọ́n, nítorí àwọn tó bá jáde láti inú kápẹ́ẹ̀tì yóò fò mọ́ ọn, oògùn yóò sì pa wọ́n.

Ìbéèrè ìrun náà máa ń wáyé. Àwọn arábìnrin kan ti bi mí bóyá aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ yọ̀rọ̀ tò sí lára dára láti fi kírun. Apoògùn ni mí, kì í ṣe ààfáà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí wà nínú Risaalah Ibn Abi Zayd al-Qayrawaani tí ọ̀pọ̀ nínú wa kà nílé kéú: ẹ̀jẹ̀ yọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ kò pọn dandan ní fífọ̀, àfi bó bá pọ̀ kọjá ààlà. Nítorí náà kò sí ìdí láti pa ìrun tì tàbí láti máa pààrọ̀ aṣọ nígbà márùn-ún lójúmọ́. Ìwé kan náà sọ pé kò dára kí a fi iná pa yọ̀rọ̀. Mo dárúkọ èyí nítorí àwọn kan ti máa ń tan kàǹdẹ́là, tí wọ́n á fi ahọ́n iná gba etí kápẹ́ẹ̀tì kọjá. Ẹ̀sìn kò fẹ́ ẹ, ilé sì lè jó.

Láàárín gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, èyí tó kàn yìí ni mo fẹ́ kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé kọ́kọ́ ń sáré rà ni dichlorvos, èyí tí àwọn kan mọ̀ sí DDVP, tàbí òtápiápiá tí wọ́n ti pò mọ́ kẹrosíìnì sínú ìgò omi tí a ti mu tán. Oògùn oko ni dichlorvos. Láti ọdún 2019 ni àjọ NAFDAC ti fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀, èyí tí kò ju mìlílítà 100 lọ, nínú ọjà gbangba àti súpámákẹ́ẹ̀tì. Síbẹ̀ ẹ mọ ibi tí ẹ ti ń rà á. Iṣan ara ni oògùn yìí ń bá jà, iṣan ara ọmọ ènìyàn kò sì yàtọ̀ sí ti kòkòrò lójú rẹ̀. Ẹ wọ́n ọn sórí kápẹ́ẹ̀tì lálẹ́, ọmọ oṣù mẹ́jọ rákò lórí rẹ̀ láàárọ̀, ó fi ọwọ́ sẹ́nu. Ológbò gba orí rẹ̀ kọjá, ó jókòó, ó ń lá ara rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín forí kanlẹ̀ fún ìrun Àsùbáà lórí ẹní tí ẹ wọ́n oògùn sí, imú yín wà lórí rẹ̀. Ti ìgò omi náà tún wá burú jù, nítorí ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ kò mọ̀ pé kì í ṣe omi ló wà níbẹ̀.

Ẹni tí oògùn yìí bá ti wọ ara rẹ̀ lè máa da itọ́ lẹ́nu, kí omi máa dà lójú rẹ̀, kí ó máa làágùn, kí ó máa bì, kí ó máa yàgbẹ́, kí ẹyinjú dúdú rẹ̀ kéré bí orí abẹ́rẹ́, kí ẹran ara máa gbọ̀n, kí èémí sì ṣòro. Bí ẹ bá rí i, ẹ gbé e jáde sí ibi tí atẹ́gùn wà. Ẹ bọ́ aṣọ ara rẹ̀, kí ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́, kí ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́ sì ṣọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹ má fún un ní epo pupa. Ẹ má fún un ní mílíìkì. Ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì. Epo pupa kì í ṣe ẹ̀rọ̀ májèlé yìí, ó sì lè gba ọ̀fun wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́. Ẹ mú ìgò náà dání, kí ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Oògùn tó ń ṣẹ́ májèlé náà wà lọ́wọ́ wọn níbẹ̀, abẹ́rẹ́ ni, kì í ṣe ohun tí a ń lò nílé.

Ó yá, kí ni kí a wá ṣe? Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ fi tọ́jú ẹran àti ilé. Bí ẹ bá tọ́jú ológbò lónìí tí ẹ sì fi ilé sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ kàn ń bọ́ wọn ni.

Fún ológbò, ẹ kọ́kọ́ fi òòyà eléyín wẹ́wẹ́ ya irun rẹ̀, kí ẹ máa ti òòyà náà bọ inú abọ́ omi tí ẹ ti po ọṣẹ sí. Ọṣẹ ni kò ní jẹ́ kí wọ́n lè fò jáde kúrò nínú omi. Ọmọ ológbò tí kò tíì pé oṣù méjì, òòyà yìí nìkan ni kí ẹ fi máa wò ó lójoojúmọ́ títí dókítà ẹranko yóò fi sọ̀rọ̀, nítorí ara rẹ̀ kò lè gba oògùn púpọ̀. Ẹ má sì fojú kéré rẹ̀ o: yọ̀rọ̀ lè mu ẹ̀jẹ̀ ọmọ ológbò débi tí ẹ̀rìgì rẹ̀ yóò fi funfun, tí yóò sì kú. Fún àgbà ológbò, oògùn tí a ń kán sí ẹ̀yìn ọrùn ló rọrùn jù. Àwọn tó ní fipronil tàbí selamectin nínú ni wọ́n sábà ń lò. Ẹ ya irun ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ sí méjì títí ẹ ó fi rí awọ, ibi tí ahọ́n rẹ̀ kò ní dé, kí ẹ kán an síbẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Ìwọ̀n ara ẹran ló ń sọ iye tí a ó lò, nítorí náà ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó wá rà á. Ìdílé tó ń sin ehoro pẹ̀lú, ẹ má kán fipronil sí ehoro lára. Ó ń pa wọ́n.

Èyí tó tún ń pa ológbò ni oògùn ajá. Permethrin wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn àti ìyẹ̀fun tí a ń lò fún ajá. Ajá ń gbà á mọ́ra, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ ológbò kò lè fọ́ ọ túútúú. Láàárín wákàtí díẹ̀, ológbò á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, gìrì á mú un. Mo rí àwọn tó ń pín oògùn ajá kan sí méjì nítorí owó, tí wọ́n ní ológbò kéré, ìdajì á tó o. Kò sí ìdajì kankan níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹrosíìnì, tó ń bó ara ẹran, àti àwọn oògùn ìfọlẹ̀ tó máa ń funfun bí wàrà tí a bá dà á sómi. Ohun tó wà nínú wọn, ara ológbò kò lè gbé e. Abẹ́rẹ́ ivermectin tí àwọn kan ń gún kiri àdúgbò, ó dára fún àwọn aràn kan àti èkúkú, ṣùgbọ́n yọ̀rọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ tirẹ̀. Owó yín ló lọ.

Bí ajá ọdẹ bá wà lẹ́yìn ilé, tàbí ewúrẹ́ àti àgùntàn tí ẹ so mọ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, àwọn náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí yọ̀rọ̀ ológbò kì í ṣàṣàyàn púpọ̀. Ẹ gbá ibi tí wọ́n ń sùn, kí ẹ kó koríko àtijọ́ dànù, kí oòrùn lè bọ́ síbẹ̀. Eléyìí tó jẹ́ àgbò Iléyá, ẹni tó bá fẹ́ lo oògùn kankan fún un kí ó kọ́kọ́ bi dókítà ẹranko iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá kí a tó jẹ ẹran rẹ̀.

Nínú ilé, iṣẹ́ ọwọ́ ló pọ̀ jù, oògùn kò tó nǹkan níbẹ̀. Ẹ kó gbogbo aṣọ ìbora, ìrọ̀rí, aṣọ fèrèsé tó kan ilẹ̀, àti ẹní ìkírun jáde. Ohun tó bá ṣe é fọ̀, omi gbígbóná tó fẹ́ máa jó ọwọ́ àti ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Ohun tí kò ṣe é fọ̀, bíi bẹ́ẹ̀dì àti kápẹ́ẹ̀tì ńlá, ẹ gbé e sí oòrùn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí ẹ yí i padà lọ́sàn-án. Ìdin rẹ̀ kò lè fara da oòrùn àti gbígbẹ, ẹ̀bùn ọ̀fẹ́ sì ni oòrùn tiwa yìí jẹ́. Kí kápẹ́ẹ̀tì tó padà wọlé, ẹ gbá ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ ògiri, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀yìn àga, àti ibi tí sìmẹ́ǹtì ti sán. Ẹ yọ ìrọ̀rí àga tìmùtìmù, kí ẹ gbá inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ológbò ń sùn nígbà tí ẹ bá jáde. Ohun tí ẹ bá gbá, inú ọ̀rá ni kí ó lọ, kí ẹ dì í pinpin, kí ẹ sì gbé e jáde kúrò nínú ọgbà lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń fa ìdọ̀tí, ó dára ju ìgbálẹ̀ lọ, nítorí ó ń fa ẹyin jáde láti ìdí kápẹ́ẹ̀tì, ìmì rẹ̀ sì ń jí àwọn tó ń sùn nínú ilé wọn. Ẹ da àpò rẹ̀ nù lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ nu ilẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ fọ́n fílíìtì, èyí tó ní nọ́ńbà NAFDAC lára ni kí ẹ rà, tí wọ́n kọ ọ́ sí i pé ó wà fún kòkòrò tó ń rìn nílẹ̀. Ẹ kó ọmọ, ológbò, ẹyẹ àti oúnjẹ jáde, kí ẹ bo ilé ẹja bí ẹ bá ní, nítorí ẹja kì í yè é. Ẹ fọ́n ọn sí ilẹ̀ àti ẹsẹ̀ ògiri, ẹ ti ilẹ̀kùn fún iye àkókò tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ ṣí gbogbo fèrèsé. Ológbò kò gbọ́dọ̀ padà wọlé títí ilẹ̀ yóò fi gbẹ pátápátá, torí ọ̀pọ̀ fílíìtì ní irú oògùn kan náà tí mo sọ pé ń pa á. Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n kọ methoprene tàbí pyriproxyfen sí, ó sàn jù, nítorí ìyẹn kì í jẹ́ kí ẹyin àti ìdin dàgbà.

Ṣùgbọ́n kò sí fílíìtì tó ń wọ inú ilé tí kòkòrò náà hun sí ara rẹ̀. Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń padà sí ìdí dichlorvos. Wọ́n á fọ́n oògùn lónìí, lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún wọ́n á tún rí yọ̀rọ̀, wọ́n á ní ayédèrú oògùn ni mo tà fún wọn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wà nínú ilé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó tilẹ̀ lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ó ṣì máa rí wọn. Iṣẹ́ yín ni kí ẹ máa gbá ilẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ máa rìn lórí rẹ̀, kí oògùn wà lára ológbò, kí ẹ má sì jẹ́ kí àwọn tó jáde ráyè yé ẹyin tuntun. Lálẹ́, ẹ lè gbé abọ́ omi ọṣẹ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan sábẹ́ iná kékeré nílẹ̀. Wọ́n á fò síbi ìmọ́lẹ̀, wọ́n á kú sínú omi. Kò lè parí wọn, ṣùgbọ́n ẹ ó fi iye tí ẹ bá láàárọ̀ mọ̀ bóyá wọ́n ń dínkù.

Ti ara ènìyàn kò le. Omi tútù lórí ibi tó ń yún, kalamáìnì lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Bí yíyún kò bá jẹ́ kí ọmọ sùn, ẹ béèrè lọ́wọ́ apoògùn fún loratadine tàbí cetirizine tó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu. Ẹ gé èékánná gbogbo ará ilé, èyí tó jẹ́ súnnà tẹ́lẹ̀, nítorí èékánná ló ń sọ ojú ibi tó jẹ di egbò. Ìpara tí wọ́n ti po oògùn mẹ́ta mẹ́rin pọ̀ sínú túùbù kan, tí gbogbo ènìyàn ń rà fún èélá àti fún gbogbo ohun tó bá ti ń yún, ẹ má fi pa ọmọ. Ohun tó lágbára jù nínú rẹ̀ ń jẹ awọ ọmọdé. Bí ibì kan bá wú, tó gbóná, tó ń ṣe ọyún, tàbí tí ibà bá tẹ̀lé e, ilé ìwòsàn ni.

Yọ̀rọ̀ tún lè gbé àrùn. Aràn pẹlẹbẹ kan wà tó ń ti inú yọ̀rọ̀ wọ inú ológbò, ó sì lè wọ inú ọmọdé tó bá ṣèèṣì gbé yọ̀rọ̀ mì. Bí ẹ bá rí ohun tó dà bí hóró ìrẹsì tó ń mira nínú ìgbẹ́ ọmọ tàbí ní ìdí ìrù ológbò, ẹ mú un wá. Oògùn aràn tí a ń lò lọ́dọọdún kì í sábà pa irú èyí, tirẹ̀ yàtọ̀. Ìgbẹ́ yọ̀rọ̀ tó wà ní èékánná ológbò ló tún ń fa ibà àti kókó wíwú lẹ́yìn tí ológbò bá ha ènìyàn lára, nítorí náà ẹ fi ọṣẹ fọ ojú ibi tó ha kíá. Yọ̀rọ̀ ti eku ló wá burú jù lọ: òun ló gbé àjàkálẹ̀ àrùn plague tó jà ní Èkó láti ọdún 1924. Kò sí ìyẹn láàárín wa báyìí, ṣùgbọ́n ilé tí kò ní ológbò tí yọ̀rọ̀ sì wà níbẹ̀, kí wọ́n wo inú àjà fún eku.

Ó ku mọ́sáláṣí. Kápẹ́ẹ̀tì tiwa kì í rí oòrùn, ológbò ń sùn lórí rẹ̀ láàárín Súbúhì àti Súùrì, a sì ń gbé yọ̀rọ̀ ibẹ̀ lọ sílé nínú ṣòkòtò wa. Ìgbìmọ̀ ìmọ́tótó kan máa ń fẹ́ fọ́n oògùn ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kí Jímọ̀ tó dé. Alẹ́ yẹn gan-an ni kò dára, nítorí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ni yóò fi imú lé e lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn ìrun Íṣáì ọjọ́ Àìkú ló dára, kí a ti kọ́kọ́ fa ìdọ̀tí rẹ̀, kí a ṣí gbogbo fèrèsé kí Àsùbáà tó tó, kí a sì kírun Àsùbáà ọjọ́ Ajé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kí ìdí fífà rẹ̀ tún wà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, pàápàá kí Ramadan tó wọlé, nítorí àwọn tó ń ṣe ìtikáfù yóò sùn lórí rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ní ti ológbò mọ́sáláṣí, ẹnì kan ní láti gbà á bí tirẹ̀, kí oògùn ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ má fo oṣù kankan. Oògùn oṣù kan kì í ṣe owó ńlá bí ènìyàn mẹ́wàá bá dá a lẹ́yìn Jímọ̀, àwọn ọmọ ilé kéú tó ń bá a ṣeré lè máa fi òòyà yà á lọ́jọ́ Sátidé, kí àgbà kan sì dúró tì wọ́n.